Bàbá Kàfáyá Gbé Mi Gun Òkè Adó

Ọkùnrin tó ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ yìn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní orí mi ti dàrú. Màmá mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní, "Ṣèyítán, ṣé o gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ?" Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ló mọ ohun tó fẹ́ sọ nípa ẹ̀.

Fàlílù ni orúkọ wọn, àmọ́ Bàbá Kàfáyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí Kàfáyá ni àkọ́bí wọn. Ọmọ Alápòtí ni wọ́n, nínú àwọn ìdílé tó ti ń dáko níbẹ̀ láti ayébáyé. Wọn ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí wọ́n fi ọkọ́ sílẹ̀, tí wọ́n wá sí Sángo, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru àpò. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé. Àpò sìmẹ́ǹtì, àpò ìyẹ̀fun, àpò iyọ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń dì sápò ní Ọ̀tà tí ọrùn Bàbá Kàfáyá ò mọ̀. Wọn ò ga, wọn ò sanra. Tí ẹ bá rí wọn ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ nínú jálàbíà funfun, ẹ ó ní tíṣà ni.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ni mo ti mọ̀ wọ́n. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Tí ẹ bá ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá rí, òórùn ẹja gígún á ti dárúkọ ara ẹ̀ fún yín. Bàbá Kàfáyá ni olórí àwọn lódà tó ń ru àpò sínú ọkọ̀, èmi ni mo ń rán ẹnu àpò. Àpò á kún, á wá bá mi níbi tí mo dúró sí, màá ká ẹnu ẹ̀, màá gbé ẹ̀rọ lé e, jíí! Ó ti dé. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn o. Mo ti rí ọkùnrin gìdìgbà tó ní òun máa ràn mí lọ́wọ́, tó rán ẹnu àpò mọ́ apá ẹ̀wù ara ẹ̀.

Àwọn lódà ní òfin tiwọn, Bàbá Kàfáyá sì ni adájọ́. Ẹni tó bá ti ru àpò gun pákó lọ sínú tírélà, kò gbọ́dọ̀ dúró láàárín. Kì í wòkè, kì í wolẹ̀, gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ló ń wò. Ẹrù kì í balẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sì dúró láti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹlòmíì, kì í kọ̀yìn sí i láéláé, ojú ló fi ń gbà á. Tó bá ti dì í mú dáadáa, á ní, "Mo ti gbà á!" Ìgbà yẹn ni ẹni tó rù ú á tó yọwọ́. Tí ẹ kò bá gbọ́ "mo ti gbà á", ẹ má yọwọ́ o, ẹrù ṣì wà lọ́rùn yín.

Òfin tó wá le jù ni ti dídè. Tí wọ́n bá ń to àpò jọ bí òkìtì, wọ́n á to ìpele kan ní gígùn, wọ́n á to èyí tó tẹ̀ lé e ní ìbú, kí àwọn àpò lè di ara wọn mú. Òkìtì tí wọn ò bá dè, ẹ̀tàn ni, ó kàn dúró ni. Mo ti fojú mi rí i tí Bàbá Kàfáyá ní kí wọ́n tú òkìtì ọgọ́ta àpò palẹ̀ torí ìpele kan ṣoṣo tó kọrí síbi tí kò yẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń kùn, wọ́n ń bú wọn ní bòókẹ́lẹ́. Bàbá yọ òṣùká wọn lápò ṣòkòtò, òṣùká kan tí ìyàwó wọn fi ògbólógbòó ìró ẹ̀ ṣe, wọ́n fi sórí, wọ́n ní "Bísímílà", àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé àpò àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni mo ti gba tiwọn. Mi kì í tètè gba tèèyàn.

Ní December tó ṣáájú kí ẹsẹ̀ mi tó kán ni Máyọ̀wá, tí a jọ ń dúró lójú ẹ̀rọ, bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ sórí òkè Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń lọ gbafẹ́ níbì kan. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù: omi rẹrẹ lórí àpáta, lókè téńté, ojú ọ̀run wọlé sínú ẹ̀. Mo ní, "Irọ́! Ta ló pọnmi lọ síbẹ̀?" Ó ní Ọlọ́run ni. Mo ní àfi kí n fojú mi rí i. Mo búra pé December tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ dé orí òkè yẹn, àwọn yòókù á máa wo gìgísẹ̀ mi.

Hẹn-ẹn. Èèyàn ń rò, Ọlọ́run ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsinmi Ìtúnu ààwẹ̀, lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí a kọ́kọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, agogo mẹ́jọ ò tíì lù tí òkìtì tó wà lẹ́yìn mi fi wó. Mi ò gbọ́ nǹkan kan ju "gbì" lọ. Egungun ẹsẹ̀ mi òsì kán lọ́nà méjì, orúnkún sì bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ ní àpò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló ń yọ̀. Wọ́n wò mí sàn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí ara ẹsẹ̀ jinná, dókítà ní kí n máa rìn, kí n máa ká orúnkún náà díẹ̀díẹ̀. Èmi ní mi ò rìn. Igi méjì ni mo ń fi sábíyá láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, ó tán. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá èmi àti màmá mi ní Ìyànà Ìyẹsí, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò fi sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá wá kí mi, màá fi ọ̀rọ̀ gún un títí á fi lọ. Bí mo ṣe lé gbogbo wọn tán nìyẹn.

Ẹni kan ò ṣeé lé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ti ọsibítù dé, Bàbá Kàfáyá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi méjì lọ́wọ́. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ pé pọ́ọ̀mù ilé wa ti bàjẹ́, màmá mi ò sì lè máa pọnmi gun òkè. Wọ́n da omi sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ní, "Ṣèyítán, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí."

Áà! Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ láìmọ̀. Mo rí i tí ojú wọn yí padà, mo rò pé mo ti rí wọn fín. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún dé. Ọjọ́ kẹta, wọ́n dé. Òjò oṣù keje ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á, Bàbá Kàfáyá dé, ọ̀rá lórí, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ibà kọ lù wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n gbé omi wá. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ àárọ̀ wá di nǹkan wa. Wọ́n á ní "Ẹsẹ̀ ńkọ́?", màá ní "Ó ní kí n kí yín", wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́. Bàbá tó bí mi ti kú tipẹ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ní ọkàn mi, mo ti fi Bàbá Kàfáyá rọ́pò.

Ní November, Máyọ̀wá wá sọ fún mi pé wọ́n tún ń lọ sí Adó. Ó yẹ kó mẹ́nu kúrò níbẹ̀, ẹnu Máyọ̀wá ò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń bú u, mo ń bú òkè, mo ń bú omi tó wà lórí òkè. Bàbá Kàfáyá wà nídìí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n da kẹ́ẹ̀gì kejì tán, wọ́n bojú wò mí.

"Kí ni ìwọ̀n ẹ?"

"Ìwọ̀n kí ni, Bàbá?"

"Ìwọ̀n ara ẹ. Ṣé nọ́ọ̀sì ò wọ̀n ẹ́ ni?"

Mo ní kílò méjìdínlọ́gọ́ta. Wọ́n ń fi ẹnu ṣírò. "Àpò méjì àti díẹ̀. Méjì ni mo ń rù lẹ́ẹ̀kan lójoojúmọ́ ayé mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin Bàbá yìí, ṣé oúnjẹ adìyẹ lẹ pè mí ni?"

Wọ́n ní, "Rárá o. Oúnjẹ adìyẹ kì í bínú."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Bí mo ṣe gbà nìyẹn. Ìyá Kàfáyá, ìyàwó wọn tó ń ránṣọ ní Sángo, ni wọ́n rán ohun tí mo máa jókòó sí. Wọ́n gé àpò oúnjẹ adìyẹ, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n rán okùn fífẹ̀ mọ́ ọn, Bàbá á gbé e kọ́ èjìká bí báàgì iléèwé, èmi á sì jókòó sínú ẹ̀ lẹ́yìn wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó mọ́ ni. Àbùkù kan péré ló ní: àwòrán àkùkọ ńlá kan wà lára àpò náà, ó sì bọ́ sí ìdí mi gẹ́lẹ́. Mo ṣàròyé títí. Ìyá Kàfáyá ní tí n bá fẹ́ léèsì, kí n wá owó léèsì.

Ọjọ́ Sátidé ni a lọ. A gbéra láti Sángo láàárọ̀ kùtù, a gba Ifọ̀, a gba Abẹ́òkúta, a dorí kọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Oṣù mẹ́sàn-án tí mi ò ti rí ju ògiri lọ! Gbogbo nǹkan ni mo ń wò, màlúù, oko ẹ̀gẹ́, pátákó tó ya. Nígbà tí òkè náà yọ síwájú, gbogbo inú ọkọ̀ na ọrùn wò ó. Àpáta ni, àpáta lórí àpáta, igbó díẹ̀ lára ẹ̀. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gùn ún lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tó ń bínú. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá Kàfáyá. Bàtà rọ́bà ni wọ́n wọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà. Mo ti rí i láti ìsàlẹ̀, ó tó mi."

Wọ́n yọ òṣùká lápò, wọ́n fi há ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn kí ìwúwo mi lè jókòó lé e, wọ́n kúnlẹ̀. Rauf, ọ̀kan nínú àwọn lódà wọn, gbé mi sínú àpò, ó so okùn. Bàbá ní "Bísímílà", wọ́n dìde. Àwọn ará ìlú tí a bá níbẹ̀ ń wò wá, obìnrin kan pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú ọmọ!" Ojú tì mí, ó tún pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé agbára ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ẹ ò mọ nǹkan kan. Mo wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìṣísẹ̀ kéékèèké. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, wọ́n á dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà gbà á, kí wọ́n tó gbé ìkejì. Wọn ò wòkè rárá. Máyọ̀wá ló wà níwájú, gìgísẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn ọ̀dọ́ tó sáré kọjá wa níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pariwo, a bá wọn níwájú, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá kọjá wọn láìwẹ̀yìn. Orí mi fẹ́ẹ̀ wú bí ẹni pé èmi ni mo ń rìn.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ èémí wọn. Ó ti ń le. Òógùn ti rin ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn, ó ń rin ẹ̀wù tèmi. Itan wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Rauf ní, "Ọ̀gá, ẹ gbé e fún mi ká ṣe é ní ààbọ̀." Wọ́n mi orí. Mo ní kí wọ́n sọ mí kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹrù kì í balẹ̀ lójú ọ̀nà." Wọ́n wá ibi tí àpáta ti yọ jáde, wọ́n fi ìdí mi ti àpáta náà, kó bá wọn gbé mi díẹ̀, síbẹ̀ okùn ò kúrò léjìká wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó dókè. Mo gbàdúrà fún wọn lọ́nà yẹn ju bí mo ṣe gbàdúrà fún ara mi rí.

Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ kí wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni òrùlé ìlú nísàlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà, kékeré bí ìṣáná, àti igbó tó lọ rẹrẹ títí tó fi di aró. A rìn díẹ̀ lórí àpáta, a yí kọ́nà, omi náà sì wà níbẹ̀.

Mi ò lè sọ ọ́ tán. Ó dákẹ́. Koríko yí i ká, omi náà kún, kì í ṣàn lọ síbì kan, ìkùukùu ń rìn nínú ẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni a wà o, gbogbo odò nísàlẹ̀ ti gbẹ. Àwọn ará ibẹ̀ ní kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe jìn tó. Rauf gbé mi sórí òkúta kan tó tẹ́, èmi àti Bàbá Kàfáyá jókòó síbẹ̀, ó sì lọ bá Máyọ̀wá níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Mo sunkún, ẹkún ayọ̀ pọ́ńbélé. Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run á gbé yín bí ẹ ṣe gbé mi."

Wọn ò ṣe àmín.

Wọ́n ní, "Ṣèyítán. Òkìtì tó wó lù ẹ́, èmi ni mo tò ó."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún tò ó?"

"Mi ò dè é."

Mi ò lóye. Wọ́n ń wo omi, wọ́n sọ ọ́ fún omi. Wọ́n ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ni. Oòrùn ti ń wọ̀, ọ̀nà ilé jìn, àwọn ọmọ ń kánjú lọ ṣínu. Bàbá rí i pé ìpele márùn-ún tó wà lókè kọrí síbì kan náà, kò sí dídè nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tú u. Àwọn ọmọ bẹ̀ wọ́n pé ó dọ̀la. "Mo wojú ọ̀run, ìkùukùu ṣú bò ó. Mo ní oṣù ò ní lé lónìí, ààwẹ̀ á pé ọgbọ̀n. Ọ̀la a máa wá síbi iṣẹ́, màá tú u kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ní ó dọ̀la." Oṣù lé. Ọjọ́ kejì di Ìtúnu, ìsinmi tẹ̀ lé e, wọ́n lọ kí àwọn àgbà ní Alápòtí. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n jí kùtù kí wọ́n lè wá tú òkìtì náà, ọkọ̀ dá wọn dúró lọ́nà. Ìgbà tí wọ́n fi dé ẹnu géètì, wọ́n ń gbé mi jáde.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Fún oṣù mẹ́sàn-án?"

"Àràárọ̀ ni mo ń bọ̀ wá sọ ọ́. Màá máa gun àtẹ̀gùn ilé yín, màá ní lónìí ni. Tí o bá ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀, màá da omi, màá lọ. Lódà kì í ru ẹrù gun pákó kó tún rù ú padà, Ṣèyítán. Mi ò lè gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́."

Ẹ gbọ́, mi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Ìwọ ni mo pe àgbàlagbà yẹn. Mo ní, "Ìwọ! O gbé mi dé ibi tí mi ò ti lè sá, kóo tó sọ fún mi!" Mo ní omi tí mò ń mu, owó ẹ̀bi ni. Mo ní bàbá ni mo pè é, ọ̀daràn ni. Gbogbo àwọn tó ń ya fọ́tò yíjú sí wa. Bàbá Kàfáyá jókòó, ọwọ́ lórí orúnkún, wọn ò sọ pé "má bínú", wọn ò sọ pé èṣù ló ṣe é. Wọ́n gbà á bí ó ṣe ń bọ̀.

Nígbà tó tó àkókò láti sọ̀kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo ní mi ò gun ẹ̀yìn wọn. Rauf ní kí òun gbé mi, mo ní tí ó bá fọwọ́ kàn mí màá bù ú jẹ. Máyọ̀wá ń bẹ̀ mí. Mo gba igi mi méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì kọjú sí ọ̀nà.

Lórí àpáta pẹrẹsẹ, igi ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé orí àtẹ̀gùn, mo rí i pé igi ò lè ṣe é. Mo kó wọn fún Rauf, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ òsì síwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Bàbá Kàfáyá bọ́ sí ìsàlẹ̀ mi. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀, ojú wọn ń wò mí, ọwọ́ wọn méjèèjì là sílẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn mí. Wọn ò sọ nǹkan kan ju, "Òkúta ọwọ́ ọ̀tún yẹn ń mì," lọ. Mi ò dá wọn lóhùn, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan òkúta náà.

Gbogbo ẹgbẹ́ ti kọjá wa, àfi Rauf tó kó igi mi dání, tó ń tẹ̀ lé wa bọ̀ lókè. Oòrùn ń ta. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Mò ń ká orúnkún tí mo ti kọ̀ láti ká, mi ò mọ̀ pé mò ń ká a, ìbínú ò jẹ́ kí n mọ̀. Mo ń wo ọkùnrin tó ń fi ẹ̀yìn rìn lórí òkè tó lè pa á, tó sì jẹ́ pé tí ó bá wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á rí ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń lọ. Kò wẹ̀yìn. Mo wá ń rántí àwọn àárọ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Ẹlòmíì á ti wáṣẹ́ lọ sí ìlú Agbára, á ti gbàgbé orúkọ mi. Bàbá Kàfáyá ń wá dúró níwájú mi lójoojúmọ́ kí n fi ọ̀rọ̀ gún wọn. Inú ń bí mi síbẹ̀. Kẹ́ ẹ má rò pé ó tán.

A ti lé ní ìdajì nígbà tí ọwọ́ mi yọ̀. Mo ń bọ̀ wálẹ̀ ni, mo kọjá àtẹ̀gùn kan, méjì, mẹ́ta, mo pariwo. Mo kọ lu àyà Bàbá Kàfáyá, ẹ̀yìn wọn sì kọ lu àpáta. Bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ wọn kan fò lọ sínú igbó. Ìgúnpá wọn bó, ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo di nǹkan tí ọwọ́ mi bá mú, koríko ni, mo dì í mú gírígírí.

Ní etí mi, wọ́n ní, "Mo ti gbà á."

Mo yọwọ́.

Mi ò mọ bí a ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Rauf ń sáré bọ̀ lókè, ó ń pe Ọlọ́run. Nígbà tí èémí mi padà, mo ní, "Bàbá, ẹ kọ̀yìn sí mi."

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń gba ẹrù kì í kọ̀yìn sí i."

Mo ní, "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kọ̀yìn. Ẹ kọ̀yìn sí mi, ẹ gbé mi, ó ti rẹ̀ mí."

Wọ́n yí padà. Rauf so okùn. Wọ́n ní "Bísímílà", wọ́n dìde. Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan lásán, báyẹn ni Bàbá Kàfáyá ṣe gbé mi dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mo ti dárí jì wọ́n. Mo ti dárí jì wọ́n. Inú ṣì máa ń bí mi nígbà mìíràn, pàápàá tí òtútù bá mú orúnkún. Méjèèjì ń gbé inú mi pọ̀, wọn ò bá ara wọn jà.

Nísàlẹ̀, Rauf sọ̀ mí sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Bàbá Kàfáyá ní "Alihamudulilai", wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n fi òṣùká bojú, èjìká wọn ń mì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ètè wọn ti gbẹ, ó funfun. Mo wò yíká, mo rí obìnrin kan tó ń ta píọ̀wọ́tà lábẹ́ igi ní òdìkejì ọ̀nà.

Máyọ̀wá ní kí òun lọ rà á. Mo ní kó jókòó. Mo ti igi méjèèjì sábíyá, mo rìn sọdá, mo ra ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí igi, kò sí èyí tí mo lè fi mú omi. Mo ní kí obìnrin náà fi í sí mi lẹ́nu. Mo fi eyín di etí ọ̀rá náà mú, mo sì gbé omi náà padà wá fún Bàbá Kàfáyá.